Ẹ̀rọ onípọ́ńpù fún akúra: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ṣe é tó padà sí Ifẹ̀

Ká sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ tán kíá: ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú ara akúra kí okó rẹ̀ lè le, dára, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú u ni kò tíì lò ó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ dé ni, àpò ẹpọ̀n ṣì wú, nǹkan ọmọkùnrin kúrú lójú wọn ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, wọ́n sì ti ń ka owó tí wọ́n ná. Ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ kejì kò níláárí lórí ọjà tí a kì í tàn rárá kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn, àti ìka tí kò tíì mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Orúkọ méjì ni ẹ ó máa gbọ́ jù: AMS 700, tí Boston Scientific ti Amẹ́ríkà ń tà, àti Titan, tí Coloplast ti Dẹ́ńmáàkì ń ṣe. Èrò tó bí wọn ti pẹ́. Ọdún 1973 ni Dókítà F. Brantley Scott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston kọ ìròyìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní. Ọ̀pá rọ́bà méjì wà nínú okó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ máa ń kún sí tẹ́lẹ̀ kó tó le. Pọ́ńpù kékeré kan wà nínú àpò ẹpọ̀n. Àpò omi wà nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀ tàbí lábẹ́ iṣan ikùn. Omi inú rẹ̀ ni omi oníyọ̀ tí wọ́n fi ń fa dírípù síni lára. Kò lo bátìrì, kò sí wáyà, kò sí ohun kankan tó yọ síta. Bí ẹ bá tẹ pọ́ńpù, omi á kúrò nínú àpò, á wọ inú ọ̀pá. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìtúsílẹ̀, á padà síbi tó ti wá.

Ìyàtọ̀ àárín AMS àti Titan kò tó ohun tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jiyàn. Silicone, irú rọ́bà kan, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá AMS, wọ́n sì fi aṣọ híhun há àárín rẹ̀. Titan ń lo polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Bioflex. Wọ́n ti máa ń fi oògùn apakòkòrò méjì, rifampin àti minocycline, kun AMS láti ilé iṣẹ́. Ti Titan ní ohun kan lára tó ń fa omi mu, dókítà á wá rì í sínú oògùn tó bá wù ú nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Oríṣi AMS mẹ́ta ló wà: LGX máa ń gùn díẹ̀ bí omi bá ṣe ń wọ̀ ọ́, CX ń fẹ̀ sí i ṣùgbọ́n kì í gùn, CXR sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wúlò fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: okó tó ti le kankan fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí kò rọ̀ máa ń di àpá nínú, ààyè kì í sì gba ọ̀pá tó nípọn mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí dókítà yín bá mọ ọ̀kan nínú méjèèjì fi síni lára ju èkejì lọ, ẹ jẹ́ kó fi èyí tó mọ̀ ṣe é. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ju orúkọ ọjà lọ.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ sanwó mọ ohun tí kò sí nínú ọjà náà. Kì í mú okó gùn: ibi tó gùn dé bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á síwájú lónìí ni ẹ̀rọ máa gbé e dé. Orí okó kì í le pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọ̀pá kì í wọ ibẹ̀. Kì í fi ìfẹ́ síni lọ́kàn, bó ti ń dìde nígbà tí inú ń dùn náà ló ń dìde nígbà tí ẹni tó ni ín ń bínú. Ìmọ̀lára awọ ara wà bó ṣe wà, adùn ìgbẹ̀yìn wà bó ṣe wà, àtọ̀ á sì máa jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gé próstéètì rẹ̀, ẹ̀yà abẹ́ ilé ìtọ̀ tó ń ṣe omi àtọ̀, nítorí jẹjẹrẹ, tí kò rí àtọ̀ mọ́, ẹ̀rọ kò ní dá a padà fún un. Ohun tó wúwo jù ni pé kò sí ìpadàsẹ́yìn. Ẹran tó ń gba ẹ̀jẹ̀ dúró ti fún ọ̀pá láyè. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò lọ́jọ́ kan, okó kì í sábà lè dá le fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ àti ike tó ń fa afẹ́fẹ́, kó tó dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì kápá rẹ̀, kó lọ kápá rẹ̀ ná.

Ó wá kan ilé. Ẹni tó ṣe é ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní Íńdíà, tó ń padà bọ̀ sí Ifẹ̀, kó má ṣe wọ ọkọ̀ tí wọ́n to èèyàn mẹ́rin sí ìjókòó ẹ̀yìn. Iwájú ni kó jókòó sí, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kó nasẹ̀. Ọ̀kadà kò sí nínú rẹ̀ rárá títí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti kọ̀rọ̀pẹ̀ Lágere sàn jù ú lọ, bí òpópónà bá gbà.

Wíwú kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Àpò ẹpọ̀n lè dúdú, kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń rọ̀ síbẹ̀. Yìnyín ni oògùn rẹ̀. Piọ̀wọ́tà tó ti dì nínú fíríjì ló dára jù fún un: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ní igun tó ń gúnni. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé e kúrò, kí ara sinmi kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má ṣe gbé e lé awọ ní ìhòòhò, ẹ má sì jẹ́ kí omi rẹ̀ kan ojú abẹ. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí fíríjì yọ́, àwọn tó ń ta omi tútù ní Sábó kì í ṣaláìní tó dì.

Pátá tó fún ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe bọ́sà. Ẹ gbé okó dojú kọ ìdodo, kí pátá mú un síbẹ̀ tọ̀sán tòru, ó kéré tán oṣù kan. Ìdí ni pé àpá ń hù yí ọ̀pá ká nínú, bí àpá bá sì ṣe bá a ni yóò ṣe dì í mú. Okó tí wọ́n jẹ́ kó dorí kodò nígbà yẹn lè gba ibẹ̀ tẹ̀. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tàbí agbádá bo gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Ní ti wíwẹ̀, nígbà tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ da omi sára láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú abẹ gbẹ. Ẹ má jókòó sínú omi. Ẹ má fi àgúnmu, òrí, adín tàbí ọtí oníléwé sí ojú rírán, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá jẹ́ ẹni iyì tó. Kòkòrò kan péré tó bá wọlé lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́ pátápátá. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń mú ìgbẹ́ le, fífún ìgbẹ́ sì ń ti gbogbo abẹ́ ikùn: ìbẹ́pẹ, ewédú àti omi púpọ̀, kí ẹ dín ẹ̀bà tó gbẹ kù.

Ohun tí ìwé inú páálí kò mọ̀ ni pé Ifẹ̀ wà láyé. Kò sọ nǹkan kan nípa ìdọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ń fi gbogbo ara tẹ abẹ́ ikùn mọ́lẹ̀, apá ni a sì fi ń gbé ara dìde, ìyẹn ń fún ikùn pa níbi tí wọ́n gbé àpò omi sí. Títí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ tẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ ní: «Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe.» Bí wọ́n bá rò pé ìpá ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí lè máa kírun lórí àga. Kòkó gbígbé, àpò sìmẹ́ńtì, gálọ̀nù omi láti ibi kànga, gbogbo wọn di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń fojú tín-ínrín ní àkókò yìí ni fífa pọ́ńpù wálẹ̀, òun ló sì ń yọ wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tí dókítà bá ti ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sí ìkejì, ẹ dúró lẹ́yìn ìwẹ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nígbà tí awọ ibẹ̀ bá ti rọ̀. Ẹ wá pọ́ńpù pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá láti ìta awọ. Ó máa ń jọ ẹpọ̀n kẹta, àmọ́ ó le jù wọ́n lọ, ó sì ní igun. Ẹ rọra fà á wálẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ àpò ẹpọ̀n, ẹ dì í mú síbẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má yí i. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, àpá á gbá a mú sí òkè, lẹ́yìn ìdí okó, níbi tí ìka kò ti ní rí i dì mú dáadáa mọ́, tí ìyàwó náà á sì máa mọ̀ ọ́n lára. Dókítà lè ṣí i láti gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ mìíràn nìyẹn, ewu kòkòrò sì máa ń pọ̀ sí i nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ibẹ̀ là.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ní kí ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun kí àkókò tó tó. Àpá tó ń hù yí àpò omi ká náà ń wọn ààyè. Bí omi bá wà nínú àpò, ààyè tó tó ni àpá máa fi sílẹ̀ fún un. Bí omi bá ti wà nínú ọ̀pá lásìkò yẹn, tí àpò ṣófo, àpá á rún un mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà bí ẹ bá wú ikọ́ tàbí tẹ̀ ba, omi á sáré wọ inú ọ̀pá láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Okó á máa dìde fúnra rẹ̀ láàárín ọjà. Ẹ̀rọ òde òní ní fáàfù tó ń dènà rẹ̀, síbẹ̀ ẹ má dán an wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà ni wọ́n ń tàn án, lójú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe dá a kọ́ ara yín látinú fídíò. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ. Ọwọ́ tí òróró wà lára ń yọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di pọ́ńpù mú lókè kó má sá lọ, ẹ fi ìkejì fún apá rẹ̀ tó rọ̀. Títẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, bí ẹni pé kò fẹ́ gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, fáàfù á ṣí, ìyókù á rọrùn. Lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ fi sílẹ̀ kó tún kún kí ẹ tó tẹ òmíràn. Àwọn tó ń kánjú ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì rọ̀ pẹlẹbẹ, omi kì í lọ. Iye ìgbà tí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ dá lórí ìwọ̀n ọ̀pá. 10 sí 20 wọ́pọ̀. Ẹ dúró nígbà tí okó bá le tó, tí pọ́ńpù náà bá ti ń tako ìka.

Láti dá omi padà, AMS ní bọ́tìnnì kan lórí apá rẹ̀ tó le, Titan ní ojú pẹlẹbẹ méjì tí a ń fi ìka méjì fún pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4, ẹ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra fún okó láti iwájú wá sí ìdí. Fífún yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, wọn á wá ní ẹ̀rọ kò rọ̀ dáadáa. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kò ní rọ̀ pátápátá bíi ti tẹ́lẹ̀. Omi díẹ̀ máa ń kù nínú ọ̀pá, ó sì máa ń dà bíi pé ó kún díẹ̀ nínú ṣòkòtò.

Bí ìdánrawò bá bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ àti alẹ́ ni: ẹ gbé e dìde títí yóò fi fà díẹ̀ láìdunni, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ dá omi padà tán. Ó máa ń tani díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti na àpá tó ti dì mọ́ ọ̀pá, kí okó lè gba ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ máa ń rí i pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà dára ju oṣù kìn-ín-ní lọ. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, tó ń wá ohun tí yóò lé jẹ̀dí lọ lọ́dọ̀ àwọn alágbo Ọjà Tìtun, ń tọ́jú àìsàn tí kò ní. Àgbo kò lè gbé ohun tí omi ń gbé.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí dókítà bá ti wo ojú abẹ. Jẹ́lì olómi láti ilé oògùn pọn dandan fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí ara ibẹ̀ ṣì gbẹgẹ́, orí okó kì í sì le. Jíjẹ́ kí ọ̀nà yọ̀ ló ń gbà á wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin kí ẹ tó wọlé: okó tí omi kò kún tó máa ń ṣẹ́ po láàárín, ìyẹn sì lè ba ọ̀pá jẹ́. Ẹ sọ fún ìyàwó ṣáájú kí ó má rò pé ohun kan ń gún un, kí ó sì mọ̀ pé ìgbà tó bá wù yín ni ẹ lè dá omi padà. Inú àwọn ìyàwó kan kì í dùn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kọ́ ló mú un dìde. Àwọn tó ń jẹ́ kí ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pọ́ńpù kì í ní ìjà yẹn. Ẹ má sùn pẹ̀lú rẹ̀ ní dídìde. Tábìlẹ́ẹ̀tì kò lè mú ọ̀pá le; dókítà lè fún ẹnìkan kí orí okó lè kún díẹ̀, ìyẹn dára. Abẹ́rẹ́ sínú okó, tí àwọn kan ń lò tẹ́lẹ̀, di èèwọ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: abẹ́rẹ́ kan á lu ọ̀pá.

Ohun tó ń bà á jẹ́ gan-an kò pọ̀. Àkóràn kòkòrò ló burú jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó máa ń bá 1 sí 3 jà, ó sì ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí apá kò ká àti ẹni tó ń tún un ṣe. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, ibà, pupa, ọyún, tàbí kí awọ àpò ẹpọ̀n lẹ̀ mọ́ pọ́ńpù tí kì í yí mọ́. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ ó lè padà sí Èkó. Ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ Wesley Guild ní Ilẹ́ṣà, ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, kí wọ́n bá dókítà tó ṣe é sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè yọ ẹ̀rọ náà, fọ ibẹ̀, kí wọ́n sì fi òmíràn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni kí omi máa jò: títẹ̀ kò ní gbé e dìde tó mọ́, tàbí pọ́ńpù á rọ̀ pẹlẹbẹ láì tún kún. Omi tó jò kò ní ṣe yín ní nǹkan, omi oníyọ̀ ni, ara á fà á. Ẹ̀yà tó bàjẹ́ ni wọ́n máa pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ ju ọdún 10 lọ kó tó dé ibẹ̀.

Fún ta ni a ò ní dá a lábàá? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú ìka rẹ̀, ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣí ìdérí ìgò, àyàfi tí ìyàwó bá ti gbà láti máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ọ̀pá tó ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn, tí kò ní pọ́ńpù tàbí àpò omi, dára fún irú wọn. Owó rẹ̀ kéré sí ti onípọ́ńpù, kò ní ohun tó ń jò, àmọ́ líle díẹ̀ ló máa ń wà nígbà gbogbo, ṣòkòtò tó fún kì í bò ó. Ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́, tó sì lè fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó gba onípọ́ńpù.

Káàdì kékeré kan á bá ẹ̀rọ náà wá, tó ní orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi sínú wọ́léètì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bà ìtọ̀ sí yín nítorí àìsàn mìíràn, ẹ dá omi ọ̀pá padà ná kí wọ́n tó ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá tàbí ti próstéètì, ẹ fi káàdì náà han dókítà kó tó gé nǹkan kan, kó lè mọ ibi tí àpò omi wà.